Àyè Òfìfo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Mi ní Jahi

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Àbújá, ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn ará Ìrágbìjí ń bi mí. Àkọ́kọ́, ṣé mo rí Ààrẹ. Èkejì, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí kòtò kankan ní títì wọn. Ẹ̀kẹta ni wọn kì í bèèrè tán. Wọ́n á wo ọwọ́ mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ìwé ẹ̀rí yẹn ńkọ́...?" wọ́n á sì yára fi àdúrà dé e lórí. Mi ò rí Ààrẹ. Kòtò wà ní títì wọn, àmọ́ wọ́n ń yára dí i ju tiwa lọ. Torí ẹ̀kẹta ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí n lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi sì sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo wá lọ. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí ibí. Èmi ni mò ń rí i pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yìí ń bá ti ọ̀hún sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ń pè bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú, èmi náà ni wọ́n ń bú bó bá jí tí kò sáré. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wa wà ní ìpele ìpele, èyí tó ga jù sì ni ti àgbà ọ̀jẹ̀. Ìdánwò méjì ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbà á. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn. Ti èkejì, wọ́n á fi ọ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ gbáko, wọ́n á ní kí o to odindi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí o tún wá ibi tó ti bàjẹ́, kí o sì tún un ṣe.

Mo ra ìwé tí wọ́n ní ká kà. Ojú ewé ẹgbẹ̀rún kan ó dín díẹ̀. Mo ṣe ìṣirò: ojú ewé mẹ́fà lójúmọ́, oṣù mẹ́fà, ó parí. Mo tún wo fídíò àwọn kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé oṣù mẹ́fà ni àwọn fi ṣe é. Kò sí èyí tó sọ iye ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù mẹ́fà náà tó bẹ̀rẹ̀, èmi náà ò sì bèèrè.

Mo gba ìsinmi ọdún kan tí kò ní owó oṣù. Mo sọ fún ìyá mi pé kó tó di ọjọ́ ìkórè ìjọ wa nínú oṣù Kọkànlá, màá ti gbé ìwé ẹ̀rí dé. Gbogbo yín lẹ mọ ìyá mi, Màmá Olùkọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ABD. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì fọ́nnu. Ó mú bírò pupa tó fi ń máàkì nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó fà á yí ọjọ́ ìkórè ká lórí kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri pálọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ pè mí síwájú, ó ní kí ìjọ bá mi dúpẹ́ sílẹ̀. Wọ́n jó. Èmi náà jó. Iṣu tí a ò tíì kọ ebè rẹ̀ ni a ń dúpẹ́ lé lórí.

Zuba

Zuba ni ọkọ̀ já wa sí. Ẹni tó bá rò pé ilé gogoro ni òun máa kọ́kọ́ rí ní Àbújá, èso ni yóò rí: ọsàn, ìbẹ́pẹ, bàrà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òkìtì lórí òkìtì, tó fi dé ibi tí ojú ò lè rí mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo lọ bá ọkùnrin kan tó jókòó ti ọsàn rẹ̀.

"Sànnu," ó kí mi ní èdè Haúsá.

Mo bèèrè iye, ó sọ ọ́. Mo bá ṣe bí a ṣe ń ṣe nílé: mo ké "Há!", mo fajú ro, mo bọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ, mo wá rọra ń rìn kó lè pè mí padà. Kò pè mí. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti ń bó ọsàn fún ẹlòmíràn. Mo padà lọ fúnra mi, mo san iye tó pè láìyọ kọ́bọ̀. Ó ní "Yauwa," ìyẹn "ó dáa" lédè tiwọn, ó sì fi ẹyọ kan lé e láìjẹ́ pé mo bèèrè. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo jẹ ẹ́. Ọsàn náà dùn, mi ò ní purọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìlú ọ̀hún nìyẹn: iye tí wọ́n pe nǹkan, ó lè jẹ́ pé iye tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Mi ò fi ṣe ẹ̀kọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọsàn lásán ni.

Kugbo

Ilé Bọ̀dá Tìmótì ni mo wọ̀ sí. Agboolé kan náà ni wá. Ó ti kúrò nílé kí n tó wọ iléèwé girama. Káfíńtà ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà àga ní Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya. Lẹ́búlẹ́bú igi ni yóò kọ́kọ́ kí ọ níbẹ̀. Ó wà nínú irun, ó wà nínú ọbẹ̀, ó wà lórí ìrọ̀rí. Ẹ̀rọ ìlagi kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, abẹ́ ariwo yìí ni mo sì fẹ́ ka ojú ewé mẹ́fà mi lójúmọ́.

Bọ̀dá Tìmótì kì í yí ọ̀rọ̀ po. Ọjọ́ tí mo dé ló ti bèèrè.

"Iṣẹ́ tí o wá kọ́ yìí, oṣù mélòó?"

"Mẹ́fà, Bọ̀dá."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Àgbà iṣẹ́ lo pè é, àbí ọmọ iṣẹ́?"

"Àgbà ni, sà."

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ tèmi. Ọdún àkọ́kọ́, mi ò kan ìṣó kan. Ilẹ̀ ni mò ń gbá, igi ni mò ń tò sóòrùn."

"Tèmi yàtọ̀, Bọ̀dá. Orí ni wọ́n fi ń ṣe é."

"Ẹn-ẹ́n," ó ní, ó tún gbé òòlù. "Èmi náà rò pé orí ni mo fi ń ṣe tèmi."

Inú mi ò dùn sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé káfíńtà ni, kí ló mọ̀. Àmọ́ ọmọlúàbí ni òun àti aya rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n sùn pẹ̀lú ebi lọ́jọ́ kan. Ọmọ wọn obìnrin, Tómi, ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo ní mi ò gbà, àfi kó dá mi lóhùn ní Yorùbá, báwo ni iléèwé? Ó ronú títí, ó ní, "Dáadáa, Uncle." A pín in sí méjì, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jahi

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń múra ìdánwò kan náà, pé ilé Ẹ̀ńjìníà Rákíyà ní Jahi ni wọ́n ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ.

Àdúgbò tuntun ni Jahi. Gbogbo ilé ibẹ̀ jọra wọn bí ọmọ ìbejì, gbogbo wọn ní géètì, gbogbo géètì ní mẹ́gáàdì. Èèyàn mẹ́ta ni mo kí lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ló dáhùn, òun náà, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló dá lóhùn. Ní ìlú wa, wọn ì bá ti bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́ kí n tó dé ìkóríta kejì. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àjèjì ni mí lóòótọ́: mo lè rìn láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ibi tí mò ń lọ.

Ẹ̀ńjìníà Rákíyà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ Kánò ni, àmọ́ Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí náà, òun nìkan nínú gbogbo wọn. Mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́rin ó kéré tán, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló ń pè mí látòkè délẹ̀. Mo gbé e mì. A bọ́ bàtà, a jókòó sórí ẹní. Ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sórí ara wọn ń hó ní igun pálọ̀, wọ́n sì gbé túwó àti ọbẹ̀ kúkà, èyí tí wọ́n fi ewé igi osè sè, sí àárín wa, abọ́ kan fún gbogbo wa. Ọbẹ̀ náà kò ní ata tó lè pa eṣinṣin. Mo jẹ ẹ́ torí ìwà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí kálukú sọ orúkọ rẹ̀ fún àlejò. Ọkùnrin kan dìde, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ Ìjẹ̀bú, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Adésànyà," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Ó jókòó. Ọmọkùnrin Ígbò kan tẹ̀lé e: "Chidi. Ẹ̀ẹ̀kan." Ó kan onílé: "Rákíyà. Ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni mo yege."

Mo ti rò pé iye ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà ti borí ìdánwò ni ẹ̀ẹ̀mẹrin. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ní, "Ẹ kú oríire, sà!"

"Rárá o, àbúrò mi," ó ní. "Iye ìgbà tí mo ti kùnà ni."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sà!" Ó ti jáde lẹ́nu mi.

"Ó ti rí bẹ́ẹ̀ ná," ó ní, ó ṣí fúláàsì rẹ̀, ó bu tíì. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Pátákó funfun kan wà lára ògiri. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sí i, ọjọ́ méjì sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Rákíyà ṣàlàyé pé òfin ilé òun nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn kọ́ ọ, yóò kọ ọjọ́ tó máa lọ ṣe ìdánwò, yóò sì kọ ọjọ́ tó máa padà lọ lẹ́yìn tó bá kùnà.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìríran ni," ó ní. "Ìwọ lọ wo ojú ìdánwò, òun náà wo ojú tìẹ. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́."

Mo gba máákà. Mo kọ oṣù Kẹsàn-án sí àkọ́kọ́, torí wọ́n ní àwọn olùdánwò tí ń kiri orílẹ̀-èdè yóò gbé ẹ̀rọ wọn wá sí Àbújá nígbà náà. Nígbà tó kan èkejì, ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ sọ òótọ́, ta ni nínú wa tó lè ṣe é? Ẹni tó bá sọ ní ìlú wa pé "bí mo bá kùnà", gbogbo ilé ni yóò bá a tutọ́ dànù. A kì í fi ẹnu ara ẹni ṣépè fún ara ẹni, ká má tíì wá sọ pé ká fi máákà dúdú kọ ọ́ sára ògiri, kí ìyá ẹni sì ti yí ọjọ́ kan ṣoṣo ká nílé.

"Tèmi ò ní sí," mo ní. "Lórúkọ Jésù."

 Mo rò pé Rákíyà á bínú, àmọ́ ó gba máákà lọ́wọ́ mi, ó dé e.

"Yauwa," ó ní. "Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwọ."

Òòrùn, lẹ́yìn náà òjò

Oṣù Kẹrin ni mo ṣe ìdánwò oníbéèrè, mo sì yege. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, torí pásítọ̀ kéde rẹ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹ̀kísípáàtì lórí fóònù. Mi ò sọ fún yín pé ìlàjì tó rọrùn nìyẹn. Bóyá mi ò fẹ́ mọ̀ pé òun ni. Orí mi wú, mo tilẹ̀ ń fún Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà ní ìmọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ó ń fetí sílẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó dùn mí báyìí tí mo bá rántí rẹ̀.

Ìlàjì kejì ló gbà mí lẹ́nu. Mo ti ka ìwé náà tán, mo tún un kà, àmọ́ bí mo bá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ìka mi kò mọ nǹkan kan. Ohun tí Rákíyà ń ṣe ni pé yóò ní kí n lọ bu kúnú wá nínú fìríìjì. Kí n tó dé, yóò ti ba nǹkan kan jẹ́ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo tò, yóò sì fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wá a rí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí mi ò tíì rí i, yóò ní, "Gbé ọwọ́ kúrò."

Mi ò lè gbé ọwọ́ kúrò. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi kọ́: iṣẹ́ tí ọkùnrin bá dáwọ́ lé, yóò parí rẹ̀. Màá ní, "Ó kù díẹ̀." Màá ní, "Mo ti rí i tán." Rákíyà á kàn máa tẹ ojú aago.

"Máàkì méjì péré ni aṣìṣe yẹn jẹ́," Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ìwọ ti fi máàkì ogún rà á. Torí irú ẹ̀ ni mo fi kùnà lẹ́ẹ̀kejì."

Òjò dé, títì Kugbo di ẹrẹ̀, àwọn oníṣẹ́ àga ń fi ọ̀rá bo tìmùtìmù. Mo ti wá ń jẹ túwó báyìí láìsí ẹni tó ń rọ̀ mí, kódà mo máa ń fi ìka lá abọ́. Oṣù mẹ́fà tí mo dá ti kọjá. Nínú oṣù Kẹjọ, Rákíyà mú mi jókòó.

"Ìwọ ò tíì tó," ó ní. "Kì í ṣe èébú. Lọ wò ó ní oṣù Kẹsàn-án, kò burú, àmọ́ kọ ọjọ́ kejì kí o tó lọ. Ẹni tí ò bá ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rù á máa bà á láti fi nǹkan kékeré sílẹ̀."

Mo padà sí Kugbo pẹ̀lú ìbínú, mo ro ẹjọ́ náà fún Bọ̀dá Tìmótì.  Ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan hàn mí, tí oníbàárà dá padà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti lọ́, kò pa dé mọ́.

"Oníbàárà yìí ní ìgbéyàwó ń bọ̀, pé kí n yára," ó ní. "Mo mọ̀ pé igi náà ò tíì gbẹ. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé kò tíì gbẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, Kọ́lá."

Mo rẹ́rìn-ín sí òwe, mo sì fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìyá mi ni mò ń rí.

Wákàtí mẹ́jọ

Yàrá ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti ṣe é. Ó tutù débi pé mo wọ súwẹ́tà. Ọkùnrin tó ń mójú tó wa kò kí ẹnikẹ́ni, kò bèèrè bóyá a sùn dáadáa; ó ka òfin, ó fi ọwọ́ tọ́ka àga sí wa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iyì "ẹ kú iṣẹ́".

Wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ déédé. Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran tútù sí láàárín, mo jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ páálí. Nígbà tí a padà dé, mo bá ẹ̀rọ méjì kan pàdé tí wọn ò gbọ́ ara wọn. Ẹ rántí aládùúgbò méjì tí wọ́n ń bá ara wọn yan odì: okùn wà láàárín wọn, iná ń tàn lára àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí ò dá èyí lóhùn. Mo wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbọ́ ohùn Rákíyà lórí mi: gbé ọwọ́ kúrò.

Mi ò gbé e. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá fi èyí sílẹ̀, mo ti gbà pé mo lè kùnà nìyẹn, n kò sì ní ọjọ́ mìíràn. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo gbàdúrà, mo pa iná rẹ̀, mo tún un tàn, mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́, mo tún un kọ. Nígbà tí wọ́n dáhùn ara wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hó yèè. Lẹ́yìn náà ni mo wo aago. Ìbéèrè tó kù kò lóǹkà, àsìkò sì ti lọ. Ọkùnrin ọlọ́sàn ní Zuba wá sí mi lọ́kàn, iye tó pe ọjà rẹ̀ àti bí kò ṣe pè mí padà.

Èsì dé sórí fóònù mi ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo dúró láàárín àga ní Kugbo. Mi ò yege. Ó dùn mí. Ó dùn mí wọ egungun, omi sì bọ́ lójú mi níwájú àwọn tó ń rajà. Bọ̀dá Tìmótì wo ojú mi. Ó na bébà ìfági sí mi, ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ àga kan.

"Fá a," ó ní.

Mo fá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sọ pé "mo sọ fún ọ". Oore tí mi ò ní gbàgbé láéláé nìyẹn.

Ní Sátidé, mo lọ sí Jahi. Àlejò tuntun kan wà níbẹ̀, torí náà wọ́n tún ní kí kálukú dárúkọ. Nígbà tó kàn mí, mo dìde.

"Kọ́lá," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀kan."

Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà pàtẹ́wọ́. Ó bu tíì fún mi nínú ìdérí fúláàsì rẹ̀, ohun tí kò ṣe fún mi rí. Rákíyà na máákà sí mi, mo mi orí. Mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé.

"Kai," ó ní, "àwọn ará ilé ìwọ le o. Ó dáa. Àyè náà ṣì wà. Bí wọn ò bá pa ìwọ, pè mí, èmi á bá ọ kọ ọ́ sí i."

Ilé

Mo bá Bọ̀dá Tìmótì fá igi títí di oṣù Kọkànlá, láìsọ èsì náà fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ni mo wọlé. Mo fẹ́ sọ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ ilé kún fún àwọn obìnrin ìjọ tó ń ṣa ìrẹsì, gbogbo wọn ń pè mí ní Ẹ̀kísípáàtì. Mo gbójú sókè, mo rí àmì róbótó pupa yẹn lára ògiri. Mo lọ sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ bó ṣe lọ. Ìsìn dé àárín, pásítọ̀ pe orúkọ mi, ẹgbẹ́ akọrin ti dá orin, ẹsẹ̀ ti ń kilẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo lè sọ pé ìwé ẹ̀rí ń bọ̀ lọ́nà, irọ́ náà sì ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ní kí wọ́n dá orin dúró.

"Mo ṣe ìdánwò náà," mo ní. "Mo kùnà."

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀!" ni gbogbo ìjọ ké. Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá pé, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Ẹ ṣeun," mo ní. "Ó ti rí bẹ́ẹ̀ ná."

Pásítọ̀ wo ìwé rẹ̀, ó wo àjà. Nígbà náà ni mo rí ìyá mi tó dìde. Ó rìn jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó wá dúró tì mí. Kò jó, kò wo ojú mi. Ó kàn dúró títí pásítọ̀ fi gbàdúrà, a sì padà sí ìjókòó.

A forí lé ilé. Mo mọ̀ pé mo ti dójú tì í, pé gbogbo àwọn tó kọ́ ní ìwé ti rí i. Mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a wọlé, ó bọ́ gèlè, ó jókòó, ó ní kí n bá òun yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri.

"Gírédì Tùú," ó ní. "Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ìdánwò tí àwa fi ń di olùkọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùnà nínú ẹ̀. Bàbá rẹ kú, kò mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Olùkọ́ tó bá ní òun kùnà, ọmọ wo ló máa gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu?" Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Ọjọ́ tí mo yí ká yẹn, kò yẹ kí n yí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Inú mi ló dùn."

 Mo sọ fún un nípa Jahi, nípa pátákó, nípa àyè tó wà níwájú orúkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ó yí kàlẹ́ńdà náà dojú délẹ̀ sórí tábìlì, ibi tó funfun lókè, ó sì na bírò pupa sí mi.

"Kọ ọ́."

Mo kọ oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀.  Ó gbé jígí rẹ̀ wọ̀, ó wo ohun tí mo kọ bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ilé, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ọlọ́run má" ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, mo sì kọ ọ́.